Okùn, Okun

Awọ màlúù ni mo fi kọ́ ọ,
pọ̀nmọ́ tútù láti ọjà Kàbà.
Ẹni tó tà á ń bi mí irú ọbẹ̀ tí mo fẹ́ fi sè.
Mo ní, "Ìyá, rírán ni mo fẹ́ rán an."
Ó gba owó, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Abẹ́rẹ́ aránṣọ a máa lọ tààrà.
Tiwa tẹ̀ bí èékánná àṣá:
á wọlẹ̀, á yípo nínú òkùnkùn,
á yọrí níbi tí ojú ti ń retí rẹ̀.
"Ọrùn ọwọ́ ni kó o yí," ni Sístà Ìpínlayé ń wí,
"má ti abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti abẹ́rẹ́,
inú ẹran ni yóò kán sí."

Òun ló fi òwú hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan.
Sílíìkì rọ̀ lọ́wọ́, ó gbọ́ràn,
àmọ́ àwọn kòkòrò àrùn a máa fi ṣe igbà
gun wọ inú ọgbẹ́.
Náílọ́ọ̀nù dúdú, alágídí,
kókó kan kò tó o, méjì kò tó o.
Èyí tó rí bí omi tíì, ìfun àgùntàn ni,
ara ni yóò jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní sí mọ́.
"Inú ni à ń fi í rán," ó ní.
"Ohun tí a bá rán sínú, a kì í padà lọ tú u."

Lóṣù kẹta, nígbà tí kájú ń jábọ́ lóko,
wọ́n fi ọ̀kadà gbé Tolórunjù dé Ìyàrá lóru.
Àdá ló yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojúgun là sílẹ̀
bí ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.
Kíjìpá ni wọ́n fi dì í, aró àti ẹ̀jẹ̀
kò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́.

Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀.
Ìyá rẹ̀, tó ń hunṣọ ní Ògìdì,
ló gbé iná fóònù dání fún mi,
ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.
Bí mo ti ń fa okùn, ni ó ń wí fún ọmọ rẹ̀ pé,
"Okun o. Okun o."
Àmì kan ṣoṣo ló wà láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti iṣẹ́ mi.

Mo fi ìfun àgùntàn pa inú pọ̀.
Mo bọ́ sórí awọ.
"Èé ṣe tó o fi ń gé e?
Èé ṣe tí o ò sáré rán an lọ bí ẹni ń ṣẹ́tí aṣọ?"
Mo ní, "Màmá, kálukú pẹ̀lú kókó tirẹ̀,
pé bí ọ̀kan bá já, kó má fa ìyókù lọ."
Ó dákẹ́. Ó sún iná mọ́ ọn.
"Ìkẹrin yẹn wọ́."

Mo wò ó. Ó wọ́ lóòótọ́:
etí ọgbẹ́ kan gun èkejì lórí.
Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń rán ènìyàn,
kò sí dókítà tó rí i rí lójú iná fóònù.
Mo gé e. Mo tún un rán.
Tolórunjù ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bi í nípa ìkarùn-ún."

Ọjọ́ kejìlá, wọ́n padà wá.
Mo fi sísọ́ọ̀sì gé wọn, mo fà wọ́n yọ,
mọ́kànlá, wọ́n sùn sínú abọ́ irin
bí èèrà tí omi gbẹ lára wọn.
Ìyá náà mú ọ̀kan, ó fọ̀ ọ́,
ó lọ́ ọ láàárín ìka méjì,
ó fà á, kò já,
ó fi eyín tẹ̀ ẹ́.
"Ó le," ó ní,
"àmọ́ kò lè gba aró."
Ó dá a padà sínú abọ́,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà ọmọ rẹ̀.